Asọ̀rọ̀gbèsì: Yorùbá Ta Ni Ẹ̀rọ Náà Ń Sọ?

(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí agbègbè Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́)



  

Nígbà tí ìjọba Òyìnbó gbé rédíò dé Èkó ní 1935, wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọ ilé ẹni tí ó bá lè san owó rẹ̀. Àwọn àgbà wo àpótí náà títí. Wọ́n rí i pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣáá, ṣùgbọ́n bí ènìyàn kí i, kò ní dáhùn. Bí ènìyàn sì bú u, kò ní bínú. Wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu, kò sì tíì kúrò lẹ́nu àwọn Yorùbá títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ mìíràn ti dé tí ó ń gba èsì. Bí ènìyàn bi í ní ìbéèrè, yóò dáhùn. Bí ènìyàn bá a jiyàn, yóò jiyàn padà, tàbí kí ó tọrọ gáfárà. Bí àwọn àgbà ìgbà náà bá wà láyé, bóyá asọ̀rọ̀gbèsì ni wọn ìbá pè é. Orúkọ náà ni ọ̀rọ̀ yìí yóò máa lò.

Ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ OpenAI ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣí ilẹ̀kùn ChatGPT fún gbogbo ayé. Kò pẹ́ tí Google gbé tirẹ̀ jáde, tí Meta, tí ó ni Facebook, gbé Llama jáde, tí Anthropic sì gbé Claude jáde. Nígbà tí ó di oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ DeepSeek ti ilẹ̀ Ṣáínà gbé ọ̀kan jáde tí ó lé oorun kúrò lójú àwọn olówó Amẹ́ríkà, nítorí wọ́n ní owó tí àwọn fi ṣe é kéré sí ti àwọn yòókù. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì LASUSTECH ní Ìkòròdú lè fi fóònù rẹ̀ bi í ní ìṣirò tí kò yé e. Ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní ọgbà LASU tí ó wà ní Ẹ̀pẹ́ lè fi í wá àṣìṣe inú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹni tí ó ń wá iṣẹ́ a sì fi í kọ lẹ́tà.

Ìbéèrè méjì ni àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń gbé wá bá àwọn àfáà lórí rẹ̀. Ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí ó lò ó? Ṣé kò ní gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́? Èkíní kò le. Irinṣẹ́ ni. Ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń dúńbú ẹran Iléyá, irú rẹ̀ náà ni olè fi ń halẹ̀ mọ́ ènìyàn, kò sì sí ẹni tí ó ka ọ̀bẹ léèwọ̀ nítorí ìyẹn. Èkejì le, ọ̀rọ̀ yóò sì padà débẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹta wà tí ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnìkan ó bi, òun ni ó sì yẹ kí ó ká ọmọ Ẹ̀pẹ́ àti ọmọ Ìkòròdú lára jùlọ: Yorùbá ta ni ẹ̀rọ yìí ń sọ?

Kí ìdáhùn tó lè yé ènìyàn, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Kò sí àǹjọ̀nnú níbẹ̀. Bí ènìyàn bá wí fún ọmọ Yorùbá pé, “Ẹ kú ọdún, ẹ kú…”, tí ó sì dákẹ́, ọmọ náà yóò fi “ìyèdún” parí rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní òfin kankan. Ó ti ń gbọ́ ọ lọ́dọọdún ni. Ohun tí asọ̀rọ̀gbèsì ń ṣe nìyẹn. Wọ́n kó ìwé, ìwé ìròyìn àti ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún un, tí ó pọ̀ ju èyí tí ènìyàn kan lè kà tán láyé rẹ̀ lọ. Wọn a ka ọ̀rọ̀ dé ibì kan, wọn a ní kí ó sọ èyí tí ó kàn. Bí ó bá ṣì í, wọn a tún un ṣe díẹ̀, wọn a sì tún bi í. Lẹ́yìn àìmọye ìgbà, ó di ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gbà ṣe é lónìí, àwọn onímọ̀ ní Google ni wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 2017. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ènìyàn ẹlẹ́ran-ara yóò wá jókòó tì í, tí wọn yóò máa fi ìdáhùn tí ó dára hàn án yàtọ̀ sí èyí tí kò dára.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí àpẹẹrẹ rẹ̀ kò ní láti lọ sí òkè òkun. Kí ó gba Ìmọ́tà kọjá. Ilé-iṣẹ́ ìrẹsì tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ síbẹ̀, tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ni wọ́n ní ó lè ṣe tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan. Ẹ̀rọ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í hu ìrẹsì. Ilẹ̀ oko Èkó kò tó nǹkan. Púpọ̀ nínú ìrẹsì eléèpo tí yóò máa wọ inú rẹ̀, láti ìpínlẹ̀ mìíràn ni yóò ti wá. Bí àgbẹ̀ kò bá kó o wá, ẹ̀rọ a dákẹ́. Bí èyí tí ó kó wá bá jẹ́ oríṣi kan ṣoṣo, oríṣi kan náà ni yóò jáde, bí ẹ̀rọ náà ti wù kí ó wọ́n tó.

Oko ta wá ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí àwọn asọ̀rọ̀gbèsì jẹ ti wá?

Àwọn ìjọ Kírísítì ni wọ́n kọ́kọ́ dá oko náà, wọ́n sì ro ó dáadáa. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ní 1875 wọ́n pe ìpàdé ní Èkó láti fi ẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, wọ́n ti túmọ̀ Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní ayé kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ń wá èdè tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ní gbólóhùn sí gbólóhùn, ìwé àwọn Ẹlẹ́rìí Jèhófà ni ó wà nílẹ̀ bẹẹrẹ. Ní 2019 wọ́n kó o jọ ní èdè tí ó lé ní 300, wọ́n pè é ní JW300, Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìtumọ̀ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe fún àwọn èdè Áfíríkà lákòókò náà, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé e kà, kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò ní gbangba nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ àwọn tí wọ́n ni ìwé.

David Adelani, ọmọ Yorùbá tí ó ti di olùkọ́ ní Yunifásítì McGill ní Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí àléébù yìí. Wọ́n wà lára ẹgbẹ́ Masakhane tí àwọn onímọ̀ Áfíríkà dá sílẹ̀ ní 2019. Ní èdè Súlù, ìtumọ̀ orúkọ náà ni pé kí gbogbo ènìyàn jùmọ̀ kọ́ ọ. Ní 2021 wọ́n gbé àkójọ kan jáde tí wọ́n pè ní MENYO-20k, gbólóhùn bí 20,000 ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n mú láti inú ìròyìn, ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ibòmíràn, nítorí ẹ̀rọ tí ìwé ẹ̀sìn nìkan bá jẹ́ oúnjẹ rẹ̀ kò ní mọ bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lọ́jà.

Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí bú àwọn ọmọlẹ́yìn Kírísítì ń ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń jẹ èrè iṣẹ́ wọn. Ohun tí ó ń dunni wà níbòmíràn. Ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá fúnra rẹ̀. Àlàáfíà, àdúrà, wàásù, wòlíì, kèfèrí: inú èdè Lárúbáwá ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀ wá. Ẹnu àwọn Mùsùlùmí ni àwọn Yorùbá ti kọ́ wọn kí Crowther tó mú kálámù. Ó gbọ́ wọn, ó kọ wọ́n, wọ́n sì di ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀. Asọ̀rọ̀gbèsì kò mọ ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni ó mọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bíi àlùwàlá, sàká, ìmọ́lẹ́bí nínú ogún àti ìyàwó tí ó wà nínú òpó kò bá sí nínú ìwé Yorùbá tí ó tó, ẹ̀rọ náà yóò máa ṣàlàyé wọn bí àlejò ṣe ń ṣàlàyé ọ̀nà inú ìlú onílùú.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwọn Mùsùlùmí kò mọ̀wé nígbà náà. Ahmad Baba ti ìlú Tìmbúkútù ti dárúkọ Yorùbá nínú ìwé Lárúbáwá rẹ̀ ní nǹkan bí 1615, ó lé ní igba ọdún kí Crowther tó tẹ ìwé tirẹ̀. Àwọn àfáà ní Ìlọrin ń fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ wákà ní èdè Yorùbá. Ṣùgbọ́n ìwé ọwọ́ ni. Inú àpótí ni ó ń gbé. Nígbà tí àfáà bá jáde láyé, wọn a pín aṣọ, wọn a pín ilé, ikán a sì jogún tákàdá. Nítorí náà, nígbà tí odindi Àlùkùránì kọ́kọ́ jáde ní èdè Yorùbá ní 1906, àlùfáà ìjọ Kírísítì kan, M. S. Cole, ni ó túmọ̀ rẹ̀. Èyí tí àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí jùmọ̀ ṣe, 1973 ni ó tó jáde. Ọdún 67 ni ó wà láàárín méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bí ní ọdún tí ti Cole jáde ti di arúgbó kí ti àwọn àfáà tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ní ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbọ́dọ̀ tètè yé wọn. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Òyìnbó lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní òpin 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ padà fìdí kalẹ̀ sí, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú wọn. Ìlú kéú ni. Àwọn òbí ibẹ̀, bíi ti Èkó, kò fẹ́ fi ọmọ sí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì, nítorí ọmọ tí ó bá wọlé ní Súlè lè jáde ní Samuel. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Ohun tí wọ́n fojú rí ni. Síbẹ̀, iṣẹ́ akọ̀wé, iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù àti iṣẹ́ rélùwéè ń jáde, ọmọ tí kò mọ̀wé Òyìnbó kò sì rí ọ̀kan ṣe nínú wọn bí kò ṣe kí ó ru ẹrù. Ní 1896 ìjọba dá ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó, kí ọmọ lè kọ́ ìwé Òyìnbó láì fi ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Ìlú tí ó tẹ̀lé e ni Ẹ̀pẹ́, ní 1898. Àgbádárìgì gba tirẹ̀ ní 1899. Ẹ ó rí i pé àwọn bàbá ńlá yín kò kọ ìmọ̀. Ohun tí wọ́n dúró dè ni ilẹ̀kùn tí wọ́n lè gbà wọlé láì bọ́ra sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn náà fi ṣí, ọmọ àwọn ẹlòmíràn ti jókòó sídìí tábìlì, àlàfo náà kò sì dí títí tí ẹgbẹ́ bíi Ansar-Ud-Deen fi dìde ní 1923 tí wọ́n ń kọ́ ilé-ìwé tiwọn.

Ní ti asọ̀rọ̀gbèsì, kò sí ẹni tí yóò dá ìṣẹ́jú kan dúró de Ẹ̀pẹ́.

Ohun tí ó lè sọnù kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ẹ wo díẹ̀. Èdè Yorùbá ń gbé lórí ohùn. “Igba” ni owó ẹyọ tí wọ́n kà dé igba, “igbá” ni wọ́n fi ń bu omi, “ìgbà” ni àkókò, “igbà” sì ni adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Ọ̀dọ́ tí ó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù láì fi àmì sí i ń kọ́ ẹ̀rọ náà pé ọ̀kan ṣoṣo ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀ràn owó tún wà nínú èyí, tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ẹ̀rọ yìí kì í ka ọ̀rọ̀ lódidi. Wẹ́wẹ́ ni ó ń gé e sí kí ó tó kà á, iye wẹ́wẹ́ náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ sì fi ń díye lé iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì ń gé sí díẹ̀, Yorùbá olóhùn-ún ń já sí jáńjálá. Ọ̀rọ̀ kan náà tí ẹnìkan sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹlòmíràn sọ ní Yorùbá, ti Yorùbá ni yóò jẹ owó jù. Ìgbà tí èdè náà bá pọ̀ nínú ẹ̀kọ́ wọn ni èyí tó lè dínkù.

Orúkọ tún ńkọ́? Bùráímọ̀, Làmídì, Lásísì, Sùnmọ́nù, Bákàrè: orúkọ Lárúbáwá ni gbogbo wọn tí ẹnu Yorùbá ti fọ̀ mọ́, tí wọ́n sì di ti ìdílé káàkiri Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀rọ tí kò bá tíì rí wọn tó yóò kọ ọ́ sí nǹkan mìíràn nígbà tí olórúkọ bá ń pè é lórí fóònù. Bí ilé ìfowópamọ́ àti ilé ìwòsàn bá wá bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀rọ gba orúkọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yóò di ọ̀rọ̀ ẹjọ́. Èdè àdúgbò kò tilẹ̀ ṣeé sọ. Àwùjọ méjì ni ó wà ní Ẹ̀pẹ́, Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́. Ohùn àwọn ará Ìkòròdú náà sún mọ́ ti Ìjẹ̀bú ju ti Ọ̀yọ́ lọ. Èyí tí ó wà nínú ìwé, Yorùbá ilé-ẹ̀kọ́ ni. Orin tí wọ́n ń kọ nígbà ọdún Káyó-káyó, tí àwọn Èkó-Ẹ̀pẹ́ fi ń rántí dídé Kòsọ́kọ́ lẹ́yìn Iléyá, mélòó ni ẹnìkan ti kọ sílẹ̀ nínú rẹ̀?

Ọ̀ràn kan wà tí kò gbọdọ̀ kọjá láìsọ. Àwọn onímọ̀ hádíìsì kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni láì bi í pé ọwọ́ ta ni ó ti gbà á, ọwọ́ ta ni onítọ̀hún náà ti gbà á, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu Ànábì. Ìsínádì ni wọ́n ń pe ìyẹn. Asọ̀rọ̀gbèsì kò ní ìsínádì. Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ni ó mọ̀. Bí kò bá sì rí òtítọ́ fi tẹ̀lé e, yóò fi ohun tí ó jọ ọ́ tẹ̀lé e pẹ̀lú ohùn kan náà, láì yẹjú. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn dọ́là 5,000 lé lọ́yà méjì àti ilé-iṣẹ́ wọn lórí, nítorí wọ́n kó àwọn ẹjọ́ àtijọ́ wá síwájú rẹ̀ tí ChatGPT dárúkọ fún wọn, tí kò sì sí ilé-ẹjọ́ tí ó dá wọn rí. Bí lọ́yà bá lè kó sí i lórí ẹjọ́ tí ó wà nínú ìwé òfin, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ọ̀dọ́ tí ó bi í ní hádíìsì, tí ó sì gbé e lọ sórí mínbárì? Súrà Al-Hujurat ti pàṣẹ ìwádìí lórí ìròyìn tí ẹni tí kò ṣeé fọkàn tán bá gbé wá. Kí ènìyàn bi ẹ̀rọ náà pé inú ìwé wo, ojú ewé wo. Kí ó sì ṣí ìwé náà fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè iṣẹ́ wá kù. Kò yẹ kí àfáà tan ọ̀dọ́ jẹ lórí rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó da lẹ́tà tí ẹlòmíràn kọ kọ, kí ó tún un tẹ̀, kí ó gbowó, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ọ̀sán gangan kọ ọ̀rọ̀ ìpolówó fún àwọn ilé-iṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì wà nínú ọkọ̀ kan náà. Iṣẹ́ mìíràn ń yọjú, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023, ìwé ìròyìn TIME sọ ìtàn àwọn ọ̀dọ́ ní Kenya tí ilé-iṣẹ́ kan gbà síṣẹ́ fún OpenAI, tí wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ ìwà ipá àti ti ìṣekúṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí wọ́n lè fi àmì sí i, kí ẹ̀rọ lè mọ ohun tí kò gbọdọ̀ sọ. Owó tí ó ń wọlé fún wọn kò tó dọ́là méjì fún wákàtí kan. Àwọn kan nínú wọn sọ pé ọkàn àwọn kò padà bọ̀ sípò. Ọ̀dọ́ tí wọ́n bá pè sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ó béèrè kí ó tó fọwọ́ síwèé: kí ni wọ́n fẹ́ kí ó máa kà, èló ni fún wákàtí, ta ni yóò sì ni ohùn rẹ̀ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí?

Ibi tí ìrètí wà nìyí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, Mínísítà Bọ́sún Tìjání kéde pé Nàìjíríà yóò ṣe asọ̀rọ̀gbèsì tirẹ̀, pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Awarri, àti pé àwọn ọ̀dọ́ tí ó lé ní 7,000 tí ń kọ́ṣẹ́ nínú ètò 3MTT yóò kún un lọ́wọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 wọ́n gbé e jáde, orúkọ rẹ̀ ni N-ATLaS. Ó ń gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà ti ń sọ ọ́. Wọn kò kọ́ ọ láti ìpìlẹ̀, nítorí owó ìyẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Orí Llama, tí Meta yọ̀ǹda fún ayé, ni wọ́n kọ́ ọ lé, wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ ilé bọ́ ọ. Ẹ ronú sí èyí dáadáa. Ìpìlẹ̀ ti ń di ohun tí ènìyàn lè rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́wọ́ Amẹ́ríkà tàbí lọ́wọ́ Ṣáínà. Ohun tí kò sí lọ́jà ni ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó mọ́, tí ó ní àmì, tí ẹni tí ó gbọ́ èdè ti yẹ̀ wò. Ìyẹn kò sí ní ìkáwọ́ olówó kankan ní òkè òkun. Ọ̀dọ́ tí ó mọ kéú, tí ó mọ Yorùbá tilé-toko, tí ó sì mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀, ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ju bí òun fúnra rẹ̀ ti rò lọ.

Iṣẹ́ náà wà nínú ilé. Lábẹ́ ibùsùn ní Ìkòròdú, nínú yàrá àwọn ìyá ní Ẹ̀pẹ́, páálí kásẹ́ẹ̀tì wáàsí wà níbẹ̀: tàfsíìrì ààwẹ̀ láti nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, wáàsí ìgbéyàwó, wáàsí fìdáù, wákà àwọn obìnrin. Kò sí ìwé kankan tí ó ní Yorùbá Mùsùlùmí tó bẹ́ẹ̀. Àfáà ń ka Lárúbáwá, ó ń túmọ̀, ó ń pa òwe, ó ń bá ìjọ ṣàwàdà, ìjọ ń dáhùn. Rọ́bà inú kásẹ́ẹ̀tì náà ń lẹ̀ mọ́ra, èbu ń bò ó. Láti gbà á là, ènìyàn nílò ẹ̀rọ tí ń lu kásẹ́ẹ̀tì, wáyà tí yóò so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, àti sùúrù. Wáàsí wákàtí kan lè gba ọjọ́ odidi lọ́wọ́ ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, tí yóò sì máa dá a padà gbọ́ níbi tí ariwo ìjọ ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò bá ní kásẹ́ẹ̀tì lè fi fóònù rẹ̀ ka gbólóhùn Yorùbá fún Common Voice, àkójọ ohùn tí ilé-iṣẹ́ Mozilla ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tàbí kí ó máa gbọ́ ti ẹlòmíràn kí ó sọ bóyá ó pè é dáadáa.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má kó kásẹ́ẹ̀tì òkú sórí íntánẹ́ẹ̀tì láì gba àṣẹ. Àwọn ẹ̀rọ kan wà báyìí tí wọ́n lè gbọ́ ohùn ènìyàn fún ìgbà díẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ohùn náà sọ ohun tí olóhùn kò sọ rí. Àfáà tí ó ti sùn láti ogún ọdún lè bẹ̀rẹ̀ sí polówó oògùn, tàbí kí ó máa ṣe fátíwà. Ohùn rẹ̀ jẹ́ àmánà lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ àti ìjọ rẹ̀. Kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé: ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n yọ̀ǹda, fún ta ni, fún iṣẹ́ wo, ṣé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ nìkan ni tàbí pẹ̀lú ohùn. Ilé tí ó bá ní òun kò yọ̀ǹda, kí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ibi tí yóò le jù ni ibi tí àfáà bá ti yára sọ̀rọ̀, tí tẹ́ẹ̀pù sì ti gbó. Ọ̀dọ́ tí ó wọ ìlẹ̀kùn etí lè gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá kí ó má mọ̀ bóyá “ìgbà” ni tàbí “igbá”. Àwọn tí wọ́n jókòó níwájú àfáà lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ṣì lè sọ ọ́, ti lé ní àádọ́rin ọdún.